Ara Tí Wọ́n Wọ̀ Láṣọ

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ìlú Abidjan tó máa ń wù mí láti gbọ́. Bí àwọn ará Côte d'Ivoire bá fẹ́ dárúkọ ọlọ́pàá, ṣọ́jà, jàndáámù, aṣọ́bodè àti ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Faransé méjì péré ni wọ́n máa ń lò: corps habillé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Abidjan rí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí ṣàṣà ni Yorùbá tó ń ṣòwò ní Treichville tàbí Adjamé tí ọ̀rọ̀ náà kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ohun tó ń wí ni "ara tí wọ́n wọ̀ láṣọ."

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ara ló kọ́kọ́ wà. Ara yẹn ní orúkọ, ó ní ìyá tó bí i, ó ní agboolé tó ti wá, ó sì ti gbé ilé ayé tó nǹkan bí ogún ọdún kí aṣọ kankan tó kàn án. Ìjọba wá mú aṣọ, ó fi wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún rí ara mọ́, aṣọ ni gbogbo ayé ń rí. Aṣọ ni wọ́n ń kí, aṣọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, aṣọ náà ni wọ́n sì ń bú lẹ́yìn. Àwa Yorùbá kò fi aṣọ pè wọ́n ní tiwa, ọ̀pá ọwọ́ wọn la wò tí a fi sọ wọ́n ní ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n àtaṣọ àtọ̀pá, ti ìjọba ni méjèèjì, ìjọba ni yóò sì gbà wọ́n padà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kò ju ìyẹn lọ: ọjọ́ tí ìjọba bá gba aṣọ rẹ̀, kí ló ṣẹ́ kù fún ara?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní fẹ́ kí n káàánú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwa tí à ń rin ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn yìí mọ aṣọ ìjọba ju bó ṣe yẹ lọ. Láti Èkó dé Abidjan, bíi ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà ni. Ẹ ó gba Sèmè wọ orílẹ̀-èdè Benin, ẹ ó gba Hillacondji wọ Togo, ẹ ó kúrò ní Lomé bọ́ sí Aflao ní Ghana, ẹ ó la Ghana já dé Elubo, kí ẹ tó dé Noé tí í ṣe ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Orílẹ̀-èdè márùn-ún, ẹnubodè mẹ́rin, àwọn aláṣọ ìjọba tó sì wà láàrin wọn kò ṣeé kà tán. Láti ọdún 1979 ni àwọn ìjọba ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan máa wọ èkejì láìgba físà. Inú ìwé ni àdéhùn yẹn wà. Lójú títì, owó ni wọ́n ń béèrè. Àwọn ará Ẹjìgbò, tí wọ́n ti sọ Abidjan di ilé kejì débi pé owó CFA ń ná nínú ọjà Ẹjìgbò fúnra rẹ̀, máa ń ṣírò owó àwọn aláṣọ mọ́ owó ọkọ̀ kí wọ́n tó gbéra ni.

Ìgbà tí wọ́n bá sì dé Abidjan ńkọ́? Ní ọdún 1990 ni òfin káàdì ìgbélùú dé, èyí tí wọ́n ń pè ní carte de séjour. Gbogbo àjèjì, títí kan àwọn tí a bí síbẹ̀ tí baba wọn jẹ́ ará Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ ní in lápò. Ẹni tí kò bá ní in, ó wọ gàù. Ẹni tó ní in pàápàá, ó lè wọ gàù bí aláṣọ tó dá a dúró bá sọ pé òun kò rí àwòrán tó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ni ìyà yẹn fi jẹ àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, kí Ààrẹ Laurent Gbagbo tó fòpin sí i lóṣù kọkànlá ọdún 2007. Ìyá tó ń gbé abọ́ kiri Koumassi láyé ìgbà náà mọ ìró bàtà ọlọ́pàá bó ṣe mọ ìró ẹkún ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ọlọ́pàá kan ti fẹ̀yìntì, pé kò rówó gba ilé, ẹ má retí omijé lójú rẹ̀. "Kó lọ máa jẹ nínú èyí tó gbà lọ́wọ́ wa" ni yóò wí. N kò lè bá a wíjọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò bá a rẹ́rìn-ín, ìdí méjì ni mo sì rí. Èkínní ni pé àwọn tó kó owó ńlá jẹ nínú iṣẹ́ yẹn kọ́ ni ebi ń pa lọ́jọ́ alẹ́; àwọn yẹn ti kọ́lé tipẹ́. Ẹni tí ebi ń pa ni sájẹ́ńtì tó fi ọgbọ̀n ọdún dúró lójú oòrùn. Èkejì ni pé ọmọ wa ni wọ́n. Ẹ wo agboolé yín yíká, ẹ kò ní ṣàì rí ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá ní kí èèyàn lọ nígbà tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Ẹni tó bá wọlé lọ́mọ ogún ọdún yóò jáde lọ́mọ ọdún 55. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló ń pe ẹni ọdún 55 ní arúgbó? Agbára ṣì wà lára rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù lè máà tíì jáde ilé ìwé girama. Bó bá jẹ́ inú báráàkì ló ń gbé, ilé náà kì í ṣe tirẹ̀, yóò kó jáde fún ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì báráàkì yóò pàdánù àwọn oníbàárà tó ti fi ogún ọdún kó jọ. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ síbí pé àwọn ìyàwó ọlọ́pàá wọ̀nyí gan-an ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀; ọkọ kàn ń gbé ìbọn ni. Fóònù tí kì í sinmi yóò dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ń sáré kí i ní "sà" lọ́sẹ̀ tó kọjá yóò máa wo òréré bí wọ́n bá pàdé rẹ̀. Bàbá wa ní ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ẹni tí wọ́n ti bọ́ láṣọ ńkọ́, tó ṣì ń fi ojú àná wo ara rẹ̀?

Ti owó ló wá burú jù. Ní ọdún 2004 ni ìjọba Nàìjíríà gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì tuntun kalẹ̀, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2014. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ìjọba ń fi ìdá mẹ́wàá kún un, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ń bá a tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Létí, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀wọ́n gógó sì ń jẹ owó lójoojúmọ́, kí ni yóò wà nínú àpò náà lẹ́yìn ọdún 35? Àwọn ṣọ́jà rí i pé kò dára, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú ètò náà ní 2011. Wọn kò yọ ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 21, oṣù keje, ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì jáde sí ìgboro Abuja láti béèrè pé kí wọ́n yọ àwọn náà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn àgbààgbà tí orí wọn ti funfun sì dúró sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn tó jẹ́ pé, nígbà kan rí, àwọn gan-an ni wọ́n ń rán lọ tú àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ká, àwọn ló wá ń gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn lọ́wọ́. Mo wo àwòrán wọn títí. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Ní Côte d'Ivoire, àwọn aláṣọ tó ń lọ kò gba ọ̀nà yẹn. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ṣọ́jà kan yìnbọn ní Bouaké, wọ́n ní kí ìjọba fún àwọn lówó tó ṣèlérí, ìrúkèrúdò náà sì tàn dé Abidjan. Ìjọba san án fún wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ronú pé àwọn ọmọ ogun òun ti pọ̀ jù, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ kó lọ, òun yóò fún un ní mílíọ̀nù 15 owó CFA. Nígbà tí ọdún 2017 yóò fi parí, àwọn tó gba owó náà tí wọ́n sì bọ́ṣọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Mílíọ̀nù 15 yẹn ń lọ sí bíi Yúrò 22,800 nígbà náà. Lóòótọ́, ṣọ́jà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n lójú ará Abidjan, ara tí wọ́n wọ̀ láṣọ ni gbogbo wọn.

Ọdún 2017 yìí kan náà ni àwọn ọlọ́pàá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé di ẹrù wọn ní Abidjan. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá wọn pa iná ogun, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni wọ́n sì ti wá. Nígbà tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó parí.

Ẹ̀yin ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹnì kan gba mílíọ̀nù 15, ẹnì kan dúró sínú òjò. Àánú ẹni tó wà nínú òjò ṣe mí, mo sì gbà pé ìjọba jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n n kò rò pé owó nìkan ni yóò dá ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì padà sípò ara. Ẹni tó gba mílíọ̀nù 15 tí kò mọ ohun tó ń lọ ṣe, ó kàn gba owó ọkọ̀ ni, kò tíì mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, tó sì ti ń rìn ín díẹ̀díẹ̀ kí aṣọ tó bọ́, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wù mí. Bí mo bá sì ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, n kì í rìn jìnnà. Ọ̀ṣọ́sà ni mo máa ń lọ, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọlọ́pàá ni Olóyè Hubert Ògúndé? Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò mọ̀. Wọ́n mọ Ògúndé tó ṣe Aiyé, wọ́n mọ Ògúndé tó ṣe Jáiyésimi, wọ́n rò pé inú eré ni wọ́n bí i sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1916, iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe fún ọdún díẹ̀ láti 1933, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn ní 1941. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, ọjà wọ́n, iṣẹ́ ìjọba sì ni iṣẹ́. Ọmọ tó bá rí aṣọ ọlọ́pàá wọ̀ láyé ìgbà yẹn, àwọn òbí rẹ̀ ti ríran. Ní ọdún 1943, wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀búté Mẹ́ta l'Ékòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ògúndé kò fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kó tó máa wá ohun tí yóò ṣe. Inú aṣọ ọlọ́pàá ló wà tó ti ń kọ orin. Ìjọ kan tó ń lọ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta nílò owó láti fi kọ́lé, wọ́n ní kó bá àwọn ṣe eré tí àwọn yóò fi kówó jọ. Ó kọ eré nípa ọgbà Édẹ́nì, wọ́n sì gbé e jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1944. Èrò wá, wọ́n san owó, wọ́n tún ní kó tún un ṣe. Ọkùnrin náà rí i pé nǹkan kan wà tí òun lè fi ọwọ́ ara òun ṣe, tí ará ìlú yóò fi tinútinú sanwó rẹ̀, láìjẹ́ pé ó dá ẹnì kankan dúró lójú títì. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party. Kí ọdún 1946 tó parí, ó ti bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 31.

Ẹ rò ó wò ná. Iṣẹ́ ìjọba wà, owó oṣù wà, ó sì bá a lọ sínú iṣẹ́ tí kò dájú pé yóò bọ́ ọ. Lójú àwọn èèyàn ìgbà yẹn, kí ni eléré? Alágbe ni. Nígbà tó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun yóò máa san owó fún láti ṣeré, èèmọ̀ ni wọ́n kà á sí, nítorí òbí wo ni yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún eléré? Nígbà tó yá, ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà níyàwó, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà dúró pẹ́. Èyí tí ẹ bá fẹ́ wí sí ìyẹn, ẹ wí i; èmi ń sọ bí ó ti rí ni.

Òmìnira tó rí gbà kò wà láìsí ìyà tirẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ní 1945 ló mú kó kọ eré kan tó ń jẹ́ Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, àwọn aláṣẹ fòfin dè é, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Àwọn wo ló wá mú àṣẹ yẹn ṣẹ? Àwọn tó wọ irú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ní 1948 ó mú ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn lọ sí Gold Coast tí à ń pè ní Ghana lónìí, ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn wa ń tọ̀ lọ sí Abidjan gan-an. Ìrìn àkọ́kọ́ kò dára fún un, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Kò jókòó sunkún. Ó tún eré rẹ̀ tò, ó fi ijó àti orin kún un, ó tún padà lọ, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó ti wọṣọ ìjọba rí, tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀ bó bá sọ̀rọ̀, òun ló wá ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ èrò lọ́rùn kí wọ́n tó sanwó.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu. Èèyàn 21 ló kú, nítorí owó oṣù tí wọ́n ń béèrè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ògúndé gbé eré jáde lórí rẹ̀, ó pè é ní Bread and Bullet. Wọ́n fòfin de ìyẹn náà ní Kano. Mo máa ń rò ó pé, ká ní Ògúndé dúró sínú iṣẹ́, ní 1949 yẹn ìbá ti lo ọdún mẹ́jọ, bóyá ìbá ti di kọ́pùrà tàbí sájẹ́ńtì. Wọ́n lè ní kó tò sórí ìlà lọ́jọ́ irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, kó gbé ìbọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ìbá ṣe. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí nínú aṣọ, ó ṣeé ṣe fún un láti dúró níwájú èrò kó sọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1964, nígbà tó ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Akíntọ́lá bínú, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Eléré tí kò lè ṣeré fún àwọn èèyàn rẹ̀, báwo ni yóò ṣe jẹun? Kò ní owó ìfẹ̀yìntì níbì kankan. Títí di 1966 tí Ọ̀gágun Fájuyì fi gbé òfin náà kúrò, ibi tí òfin kò dé ló ti ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ló tún bọ́ sínú sinimá, ó ṣe Aiyé ní 1979, ó ṣe Jáiyésimi ní 1980, ó ń bá a lọ títí tó fi kú ní London ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990. Ọdún márùn-ún péré ló fi jẹ́ ọlọ́pàá. Ó fi ju ogójì ọdún lọ jẹ́ Ògúndé.

Àwọn kan yóò ní Ògúndé ṣọ̀wọ́n, pé kì í ṣe gbogbo ọlọ́pàá ló lè kọrin. Òótọ́ ni. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló lè di ọba bíi Ọba Rilwan Akíolú, tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1970, tó dé ipò olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pátápátá, tó fẹ̀yìntì ní 2002, tó sì gorí ìtẹ́ Èkó ní 2003. Ìyẹn bọ́ aṣọ kan, ó wọ òmíràn tó tún tóbi jù ú lọ ni. Kò sí ẹ̀kọ́ púpọ̀ níbẹ̀ fún sájẹ́ńtì tó wá láti abúlé, àfi bó bá wá láti ilé ọba. Ti Ògúndé ni mo rí ẹ̀kọ́ sí, kì í sì í ṣe nítorí orin. Ohun tí mo rí ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ, ó lọ nígbà tí agbára ṣì wà, ó sì gbà láti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù fún àwọn aláṣọ. Mo mọ̀ pé lára àwọn tó ń fẹ̀yìntì ní ìlú wa, àwọn kan wà tó ní ìbátan ní Abidjan, tí wọ́n sì ń rò ó pé àwọn yóò kúkú kọjá sọ́hùn-ún lọ ṣòwò. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ bí òwò ṣe ń lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń wà lọ́dọ̀ ìbátan ni, yóò kọ́kọ́ máa bá a tajà, yóò kọ́ èdè Faransé àti Júlà tí wọ́n ń ná lójà, yóò dá àjọ, kó tó di pé òun náà ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ lè jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ náà yóò ní "Bàbá, ẹ gbé àpò yẹn wá," inspẹ́kítọ̀ àná yóò sì gbé e. Ẹnikẹ́ni ní Adjamé kò ní béèrè iye ìràwọ̀ tó wà léjìká rẹ̀ rí. Ẹni tí yóò jókòó tì í nínú ọjà náà sì lè jẹ́ ìyá tó ti sanwó fún un ní Sèmè lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó sì mọ ojú rẹ̀. Kí ni yóò sọ fún un? Èmi rò pé kó kí i, kó sì ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó bá pè é.

Ẹ̀yin tí aṣọ ṣì wà lọ́rùn yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1995, ọdún 2030 ló ń pé 35. Ọjọ́ náà wà nínú fáìlì yín láti ọjọ́ tí ẹ ti tọwọ́ bọ̀wé, kò sẹ́ni tí yóò ní òun kò mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó yín irú òwò tó ń ṣe, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́ bí ẹ bá wà nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọṣẹ́, ìyẹn ọkọ̀ títúnṣe, iṣẹ́ oko, télọ̀, tíṣà, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín pátápátá. Nípa ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ bá mi bi àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún léèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ṣọ́jà ní 2011 tí wọ́n sì fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó mọ̀ pé òjò ló ń dúró de òun ní Abuja lọ́jọ́ alẹ́, ẹ̀yin ni yóò gba owó agboòrùn lọ́wọ́ yín lójú títì láti òní lọ.